Fílítà Ààbò fún Lẹ́ńsì: Èyí Tó Yẹ Kí Oníṣẹ́ Fọ́tò Ìjẹ̀bú Rà

Láàárín àwa tí a ń fi kámẹ́rà jẹun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àríyànjiyàn lórí fílítà ààbò, ìyẹn gíláàsì tín-ín-rín tí a ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ńsì kí ojú rẹ̀ má baà bàjẹ́, kì í tán. Àwọn kan kì í ra lẹ́ńsì tuntun láìra fílítà mọ́ ọn. Àwọn mìíràn gbà pé gíláàsì olówó pọ́ọ́kú kò níṣẹ́ tí yóò ṣe níwájú lẹ́ńsì tí a fi owó gọbọi rà. Orí lẹ́ńsì 24-70mm, tí a lè fi fa àwòrán súnmọ́ tàbí sẹ́yìn, ni mo ti lo oríṣi mẹ́ta wò: èyí tí kò lórúkọ tí wọ́n ń tà káàkiri, Hoya HMC ti ilẹ̀ Jàpáàn, àti B+W MRC ti ilẹ̀ Jámánì (HMC àti MRC ni orúkọ ìbòrí tí wọ́n fi sójú gíláàsì wọn).

Kí lẹ́tà UV tí wọ́n kọ sára púpọ̀ nínú wọn má tan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ṣì ń lo fíìmù, ìtànṣán ultraviolet (UV), tí ojú ènìyàn kò lè rí, máa ń mú kí ibi tó jìnnà rí bàìbàì nínú àwòrán, kí ó sì fà sí àwọ̀ búlúù. Kámẹ́rà òde òní ti ní ohun tó ń dá ìtànṣán náà dúró níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán, nítorí náà ààbò nìkan ni a ń sanwó fún.

Ibi tí owó náà ti tó ó san ni Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ régberégbe bá ti kọjá, tí àwọn ìdílé Balógun gun ẹṣin dé tí wọ́n sì ń yìnbọn sókè, eruku pátákò ẹṣin àti èéfín ẹ̀tù a dàpọ̀, wọn a sì bà sójú gíláàsì bí eérú. Ẹni tí ẹṣin ń jó bọ̀ wá bá kò ráyè fẹ́ eruku dànù kí ó tó nù ún. Etí bùbá ni yóò fi nù ún, yóò sì máa yàwòrán lọ. Yanrìn wẹ́wẹ́ inú eruku náà ló ń ha gíláàsì. Fílítà tó bá ha, a lè yọ ọ́ sọnù kí a ra òmíràn, ṣùgbọ́n owó àtiṣe ojú lẹ́ńsì tó ti ha kì í ṣe kékeré. Bákan náà ló rí lásìkò ọyẹ́.

Lóru, ọ̀rọ̀ yí padà. Gíláàsì tí wọn kò fi nǹkan kan bò máa ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú méjì ni fílítà sì ní. Níbi òwàḿbẹ̀, pẹ̀lú fílítà aláìlórúkọ yẹn, iná tó wà ní apá òsì lókè tún yọ ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó bà sórí gèlè ìyá ìyàwó gan-an. Ìbòrí tín-ín-rín tó wà lójú Hoya àti B+W dín èyí kù gidigidi, àmọ́ kò pa á rẹ́. Níbi tó bá ṣókùnkùn tí iná sì kọjú sí mi, n kò ní fi èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀ lórí lẹ́ńsì.

Páálí nìkan kò tó ẹ̀rí nígbà tí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo páálí, ẹ fi í wo iná." Òótọ́ ló sọ. Bí a bá gbé fílítà sábẹ́ gílóòbù, tí gílóòbù náà hàn funfun báláú lójú rẹ̀, kò ní ìbòrí kankan; bí ó bá hàn fírífírí, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àlùkò, ó ní in.

Òrùka B+W tí mo lò jẹ́ idẹ, kì í sì í há mọ́ ẹnu lẹ́ńsì bí ti alumíníọ́mù. Èyí tó bá há, kí a fi rọ́bà tí a fi ń di owó wé etí rẹ̀ kí a tó yí i. Ẹni tó bá fi píláyà mú un yóò tẹ òrùka náà pọ̀. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ø lára lẹ́ńsì, ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ tí fílítà gbọ́dọ̀ bá mu, ni kí a béèrè lọ́jà: ti Canon 50mm f/1.8 STM jẹ́ 49mm, ti ọ̀pọ̀ 24-70mm f/2.8 sì jẹ́ 82mm.

Níbi kí kámẹ́rà já bọ́, n kò fọkàn tán fílítà kankan. Gíláàsì rẹ̀ tinrin débi pé ó lè fọ́ níbi tí ojú lẹ́ńsì kò ti ní fọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì lè ha lẹ́ńsì. Húùdù ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu lẹ́ńsì máa ń gba ìkọlù jù ú lọ.

Ní tèmi, Hoya HMC tó fún ẹni tó ń lo lẹ́ńsì kékeré. B+W yẹ lẹ́ńsì olówó ńlá tó ń ròde eruku lóòrèkóòrè. Dípò aláìlórúkọ yẹn, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó Hoya, kí ó ra húùdù.