Ààfin Ọ̀yọ́ tàbí ààfin Ṣọ̀ún: èwo ni kí ẹni tó wá ṣòwò yà wò?

Ká ní kajú lẹ wá rà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ẹ wá gba owó ọjà ní Ọ̀yọ́, tí ọ̀rọ̀ sì parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Ààfin ńlá méjì ló wà lójú ọ̀nà yẹn, ti Aláàfin ní Ọ̀yọ́ àti ti Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, àárín wọn kò sì ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Èwo ni kí ẹ ná owó ọkọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ yín lé lórí?

Tó bá jẹ́ èmi, Ọ̀yọ́ ni. Ààfin Aláàfin fẹ̀ débi pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni ẹni tó ń kánjú máa rí. Àgbàlá ń já sí àgbàlá. Ẹ wo kòbì dáadáa, òrùlé tó yọ síwájú lára ilé. Àmì ipò ni láyé àtijọ́, kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù ń dédé kọ́ sílé. Ẹ wá ẹni tó mọ̀tàn kó mú yín kiri, nítorí òpó tí wọ́n gbẹ́ kò ní lanu. Òun ló máa sọ bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú, tí Aláàfin Àtìbà fi sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun láàárín ọdún 1830 sí 1840, àti ti àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba tó ń fá apá kan orí. Ẹ dúnàádúrà owó rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀.

Ààfin Ṣọ̀ún kò gbà yín lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan ti tó. Ìtàn ló dùn níbẹ̀: Ògúnlọlá ọdẹ, igi àjàgbọn, àti orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tí ọdẹ náà gé lọ bá Aláàfin, èyí tí ìlú fi ń jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Pásítọ̀ ni Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè kó tó gorí ìtẹ́ ní 2023. Níbi méjèèjì, ẹ ṣí fìlà, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ tí kábíyèsí bá jáde, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ní ti ọjà rírà, Ọ̀yọ́ tún borí: igbá fínfín, iṣẹ́ awọ, gángan. Ẹ lọ bá ẹni tó ń fín igbá níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé igbá náà sójú oòrùn wò bóyá ó ti sán. Ọjà Akẹ̀sán kò jìnnà sí ààfin. Iná jó o ní oṣù kìíní 2020, wọ́n sì tún un kọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mángòrò ni kí ẹ rà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀.

Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo dán an wò. Tírélà ṣubú dí ọ̀nà, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníbàárà tó fẹ́ sanwó fún mi sì ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan ni: mo rí àmàlà jẹ.

Tí ìrìn àjò yín bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, Ọ̀yọ́ ni o, nítorí ọdún Ṣàngó, tí UNESCO fi sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2023. Àmọ́ ẹ ti gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.