Bren ogun Bọ́mà àbí L4? Ibi tí ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó

"Bren ogun Bọ́mà, 1944" ni wọ́n kọ sára páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta kan, níbi ọjà ohun ogun àtijọ́ kan ní Kent. Ọdún 1944 wà lára irin lóòótọ́, ẹni tó ń tà á kò parọ́ ìyẹn. Ọwọ́ mi ti wọ àpò tán kí n tó gbójú wo mágasíìnì orí rẹ̀, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń kó ọta sí. Ó nà tọ́ọ́ró. Mo fa ọwọ́ mi yọ kúrò nínú àpò.

Ẹ̀yin tí bàbá àgbà yín lọ Bọ́mà pẹ̀lú Dìfíṣọ̀n 81 tàbí 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tẹ́ ẹ wá ń wá irú ìbọn tí wọ́n lò láti gbé sínú pálọ̀ ní London, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìbọn òkú là ń wí o, èyí tí wọ́n ti ba inú rẹ̀ jẹ́ tí kò lè yìn mọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí NATO, ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn, fẹnu kò sórí ọta oní-mìlímítà 7.62 lẹ́yìn ogun, Gẹ̀ẹ́sì kò da Bren nù. Wọ́n kó àwọn tó wà nílẹ̀ jọ, pàápàá Mk III (ẹ̀yà kẹta rẹ̀), wọ́n pààrọ̀ bárẹ́ẹ̀lì, bóòtì inú rẹ̀ (irin tó ń ti ọta wọlé) àti mágasíìnì, wọ́n sọ ọ́ ní L4. Ó ṣì wà lọ́wọ́ sójà wọn nígbà ogun Gulf lọ́dún 1991. Ara ìbọn lè jẹ́ ti 1944 nígbà náà, kí ohun tó kù jẹ́ ti ẹ̀yìn ogun. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára irin kò tó ẹ̀rí.

Mágasíìnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ìdí ọta .303 ti ayé ogun fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá ń tò wọ́n léra, ẹ̀yìn máa ga ju iwájú lọ, ìtò náà á sì tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mágasíìnì Bren fi tẹ̀ kọdọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ọta 7.62 kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, torí náà ti L4 fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ, kódà mágasíìnì SLR, ìbọn àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹnu rẹ̀. Ti Bren ogun rí bí àrọ tá a fi ń rọ kẹrosíìnì. Ti L4 tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ojú ihò gígùn gígùn lára.

Àmọ́ mágasíìnì ń yọ, bárẹ́ẹ̀lì náà ń yọ. Ọlọ́jà tó gbọ́n lè wá èyí tó tẹ̀ gbé lé e lórí. Ẹ ní kó yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i bó ṣe ń wọlé padà, bóyá ó jókòó dáadáa àbí ó ń mì jẹgẹjẹgẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ara ìbọn. Bẹ́ ẹ bá rí L4A pẹ̀lú nọ́ńbà kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀kan wà tó máa ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí lọ́nà. Ilé iṣẹ́ Inglis ní Toronto ṣe Bren oní-7.92 fún ṣáínà nígbà ogun gan-an. Mágasíìnì tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀, àkọlé ṣáínà sì wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú rárá, àmọ́ kì í ṣe èyí tí bàbá yín gbé. India ní tiwọn ṣe tuntun lẹ́yìn ogun, oní-7.62, wọ́n pè é ní 1B. Ẹ máa wo bóyá orúkọ yẹn náà wà lára rẹ̀, torí kì í ṣe ti ogun.

Láàárín àwọn ti ogun fúnra wọn, Mk I ní ohun ìfojúsùn tó rí bí ìlù kékeré tí wọ́n ń yí, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ṣeé fà gùn. Mk II gba ohun ìfojúsùn tó rọrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fà. Mk III dé lọ́dún 1944: bárẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 565, ti Mk I jẹ́ 635. Mk I wọn nǹkan bíi kílò 10, Mk III kò tó 9. Tó bá jẹ́ nítorí ìjà àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944 lẹ ṣe ń rà á, Mk I tàbí Mk II ni èmi máa mú. L4 kì í ṣe ìbọn burúkú o. Kí wọ́n ṣáà má gba owó Bọ́mà lé e.

Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti pa á, kẹ́ ẹ sì wo déètì rẹ̀. Láti 2017, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Britain láti ta èyí tí pípa rẹ̀ kò bá ìlànà òde òní mu, kódà kó ní ìwé àtijọ́. Tó bá ti yí ọwọ́ padà, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ìjọba Britain, létí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wálé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka irú ìbọn báyìí mọ́ ohun èèwọ̀ fún aráàlú, kò sì sí kọ́sítọ́ọ̀mù Àpápá tó máa dúró gbọ́ pé òkú ni.