Tọ́bò Sprinter 313 tí wọ́n tún ṣe: ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni àtúnṣe tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì) Mercedes Sprinter 313 CDI wa, bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Adó-Èkìtì. Ẹ́ńjìnì OM611 ló wà nínú rẹ̀, lítà 2.2, agbára ẹṣin 129. Tọ́bò rẹ̀ kì í ṣe èyí tó kàn ń yí lásán. Àwọn ewé irin kéékèèké wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń padé bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń béèrè afẹ́fẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà wa pọ̀ sí jù.

Àwọn tó tún un ṣe ò ta tọ́bò tuntun fún wa o. Àárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kátíríìjì ni wọ́n pààrọ̀, ìyẹn ṣáàfùtì, bẹ́ríìnì àti fáànù méjèèjì, wọ́n sì dá ilé àtijọ́ padà sí i lára. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì iye tọ́bò tuntun. Kátíríìjì yẹn fúnra rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí mo fọwọ́ mì ín kí wọ́n tó dè é, ó mì díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, èyí ò sì burú, torí ọ́ìlì ni yóò kún àyè yẹn. Ṣùgbọ́n kò lọ síwá sẹ́yìn, fáànù rẹ̀ ò sì kan ara ilé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún ohun tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n tún rọ ọ́ìlì sí ihò rẹ̀ kí wọ́n tó sítáàtì ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ríìnì tí kò rí ọ́ìlì mu níbẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yí padà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ti yà ní Ìwàràjà tí a dojú kọ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tòun ti ẹrù, mọ́tò ò fà mọ́. Èéfín dúdú á bo gbogbo ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnì ò sì ní yí kọjá ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí aago, àfi kí dírẹ́bà pa á kó tún un sítáàtì. Láàárọ̀, èéfín búlúù ló máa kọ́kọ́ jáde. Mo pe ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nọ́sù ló bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.” Nọ́sù ni ohun tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú ẹ́ńjìnì. Inú bí mi gan-an, torí kò tíì yẹ ohunkóhun wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

A fi kọ̀ǹpútà wò ó, ó gbé P0299 jáde: afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé kò tó èyí tí ẹ́ńjìnì béèrè. Kọ̀ǹpútà ò sọ pé tọ́bò ti kú. Èéfín dúdú ń sọ pé dísẹ́lì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jóná. Àìsàn méjì ni, oògùn kan ò lè wò wọ́n.

Rọ́bà ńlá tó gba abẹ́ lọ sí intercooler, ìyẹn ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, la kọ́kọ́ tú. Ọ́ìlì tọ́bò àtijọ́ ti mú un rọ̀, ó sì ti ya lábẹ́ kílíìpù níbi tí ojú ò ti lè rí i. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ jáde. Ohun tó burú jù ni pé ọ́ìlì ṣì wà nísàlẹ̀ intercooler. Ẹni tó tún tọ́bò ṣe tí kò da ọ́ìlì yẹn nù fẹ́ dá ewu sílẹ̀: bí ẹ́ńjìnì dísẹ́lì bá fa ọ́ìlì yẹn mu, ó lè máa sáré lọ fúnra rẹ̀, kódà tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́.

Rọ́bà tuntun mú un sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ṣì ń dá a dúró. A wá fi pọ́ńpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ inú agolo tó ń darí àwọn ewé irin náà. Agolo ò jò, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ń há ní àárín ọ̀nà. Nígbà tí a tú u, ìdọ̀tí èéfín tó ti gan ṣì wà lára ewé àti òrùka tó ń yí wọn. Wọ́n pààrọ̀ àárín, wọn ò fọ ibi tó ń ṣiṣẹ́ jù! Wọ́n tún ti yí bóòtù kékeré tó ń dá ewé dúró tí wọ́n bá ń padé. Ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì sí i ti ya. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń to bóòtù yẹn, kì í ṣe ojú. Ṣọ́ọ̀bù tí a gbé e lọ lẹ́yìn náà ní irú ẹ̀rọ yẹn, wọ́n sì tò ó padà.

Ti èéfín búlúù yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà láti inú tọ́bò, lórí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti wú wọnú, ó dí ààbọ̀ ihò. Ọ́ìlì tí kò rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀ á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ṣáàfùtì jáde, èéfín rẹ̀ lẹ ń rí yẹn. Ṣọ́ọ̀bù kejì ha á kúrò, wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan dè é, èéfín búlúù sì dáwọ́ dúró.

Ní báyìí bọ́ọ̀sì ń fa ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ́ìlì rẹ̀ ò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Ọjà àwọn tó kọ́kọ́ tún un ṣe, màá tún rà á. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn, mi ò ní gbà á mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní tọ́bò yín tún ṣe, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í bóyá ó máa tú ewé fọ̀, bóyá ó ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ gọ́ọ̀mù lẹ́nu páìpù ọ́ìlì.