Orin àti ìpè nínú ọkọ̀ àtijọ́: ìfiwéra àwọn ẹ̀rọ Bluetooth fún ẹni tó fẹ́ rà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ pè mí lọ́jọ́ tí mo ki ẹ̀rọ FM kékeré kan bọ ihò sìgá ọkọ̀ mi. Mo tẹ bọ́tìnnì, ohùn wọn jáde nínú sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mọ́ ketekete bí ẹni pé wọ́n jókòó sẹ́yìn mi. Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "Inú àgbá wo lo wà?" Mo gbóhùn sókè, wọn ò gbọ́. Mo tẹ̀ba, mo gbé ẹnu sún mọ́ ìdí jíà níbi tí ẹ̀rọ náà wà, ojú mi sì kúrò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí n pe àwọn padà tí mo bá délé.

Bẹ́ẹ̀ orin tí ẹ̀rọ yẹn kan náà ń gbé jáde kò burú rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń bẹ Bluetooth, ẹ̀rọ tó mọ ọ̀kan ṣe sì lè má mọ èkejì. Orin ń ti inú fóònù bọ́ sínú ọkọ̀, ó parí síbẹ̀. Ìpè ń lọ, ó sì ń bọ̀, ó ń fẹ́ máìkì tó lè yọ ohùn ẹnu yín kúrò láàárín ariwo táyà, afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì. Lára páálí, A2DP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ orin, HFP ni ti ìpè, AVRCP sì ni èyí tó ń jẹ́ kí ẹ fo orin kan tàbí kí ẹ dá a dúró láìfọwọ́ kan fóònù. Bí ẹ ò bá rí HFP, tí wọn ò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń gba ìpè, ẹ̀rọ orin lásán nìyẹn. Nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n ń kọ, bíi Bluetooth 4.2 tàbí 5.0, kì í sọ orin A2DP di dídùn ju bó ṣe wà lọ. Ẹ má tìtorí ẹ̀ fowó kún owó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ojú rédíò yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó mọ ẹnu ọ̀nà tí rédíò wọn ní. Ẹ wá ihò AUX, ihò róbótó tó gba orí wáyà etí, tó fẹ̀ tó mìlímítà 3.5. Kì í fìgbà gbogbo wà lójú rédíò o. Nínú ọkọ̀ mìíràn, abẹ́ ìgbọ́wọ́lé tó wà láàárín ìjókòó ló wà, tàbí nínú àpótí iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Tí kò bá sí AUX, ṣé ó ní ẹnu kásẹ́ẹ̀tì? Ṣé ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ CDC sí, ìyẹn ti àpótí tó ń pààrọ̀ CD, tàbí àpótí tó ń gba CD mẹ́fà nínú búùtù?

Ihò USB máa ń tan èèyàn jẹ. Pé rédíò ń ka orin inú fláàṣì kò túmọ̀ sí pé ẹ ki ohun tínńtín kan bọ ibẹ̀ kó di Bluetooth. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tínńtín tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀ kàn ń fa iná lára USB ni, wọ́n ṣì ń fẹ́ wáyà lọ sí AUX kí orin tó lè jáde.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọkọ̀ yín ti ní Bluetooth tó ń gba ìpè nìkan. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2000 sí 2010 tí wọ́n mọ HFP tí wọn ò mọ A2DP. Bí tiyín bá wà lára wọn, ìpè ti bọ́ sí i, ẹ̀rọ AUX kékeré fún orin ló kù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi Bluetooth gba orin lọ́wọ́ fóònù, tó sì ń fi wáyà gbé e wọ ihò AUX. Lórí fóònù Android, ẹ lè wọ ibi ètò Bluetooth, kí ẹ pa ìpè lára ẹ̀rọ AUX náà, kí orin nìkan máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ìpè sì máa bá ọkọ̀ lọ. Méjèèjì á jọ ṣiṣẹ́ láìjà.

Ẹ̀rọ FM àti ẹ̀rọ AUX

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sábà máa ń fi síwájú ẹni tó bá fẹ́ nǹkan tí kò ní tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ FM dà bí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré. Ó ń gba orin lọ́wọ́ fóònù, ó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí ìkànnì kan láàárín 87.5 sí 108 MHz, ẹ̀yin á sì yí rédíò yín sórí ìkànnì ọ̀hún. Gbogbo rédíò tó bá ní FM ló lè gbà á, àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dín agbára rẹ̀ kù gan-an kó má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nínú ìlú ńlá tí ìkànnì ti kún dẹ́múdẹ́mú, ilé iṣẹ́ rédíò gidi á máa bò ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì rin ọ̀nà jíjìn, ìkànnì tó ṣófo níbi tí ẹ ti gbéra á ti ní onílé níbi tí ẹ dé. Bí àńtẹ́nà ọkọ̀ yín bá wà lẹ́yìn pátápátá, ìyà rẹ̀ tún pọ̀ sí i, nítorí iwájú ni ẹ̀rọ náà ti ń fọhùn.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan fúnra rẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. FM ti Japan bẹ̀rẹ̀ láti 76 MHz, rédíò àtijọ́ wọn sì máa ń dúró sí 90. Ìyẹn ni pé àárín 87.5 sí 90 nìkan ni ẹ̀rọ yín àti rédíò yín ti lè pàdé. Bí ilé iṣẹ́ rédíò méjì bá ti gba ibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

AUX kò mọ gbogbo ìyẹn. Wáyà ló gbé orin lọ tààrà, kò sí ìkànnì, kò sí ìjà. FM máa ń gé ohùn tó ga ju bíi 15 kHz lọ, ó sì máa ń ní ìró ṣáá lábẹ́ orin tó bá rọlẹ̀. AUX kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí mo bá rí ihò AUX nínú ọkọ̀, mi ò ní ronú kan ẹ̀rọ FM mọ́.

Ṣùgbọ́n AUX ní ariwo kan tirẹ̀ tó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ẹ̀rọ tó dára nù. Ẹ so ó, ẹ tan ọkọ̀, ẹ gbọ́ ìró kan tó ń dún fíìì. Ẹ tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ìró náà ga sókè. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó rọlẹ̀. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ó ń fa iná nínú ihò sìgá, ó sì tún fi wáyà orin kan rédíò, àwọn méjèèjì sì tún ń kan irin ọkọ̀ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìró alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, wá rí ọ̀nà wọ inú orin. Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, wọ́n á fi í sáàárín wáyà AUX náà, ìró á sì lọ. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra ẹ̀rọ AUX tó ní bátìrì inú ara rẹ̀, kí ẹ má so ó mọ́ iná nígbà tí ẹ bá ń lò ó.

Ní ti ìpè, ibi tí máìkì wà ló ń dá ẹjọ́. Ihò sìgá ni ẹ̀rọ FM ń gbé, ihò sìgá sì máa ń wà nísàlẹ̀, ní ìdí jíà, ó jìnnà sí ẹnu. Ẹ̀rọ AUX tó ní wáyà gígùn, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ iwájú yín. Wáyà yẹn nìkan ti tó láti mú kí ẹni tó wà lódì kejì yéé bèèrè inú àgbá.

Àléébù kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ní, tí páálí kì í sọ. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn lórí ilé iṣẹ́ rédíò kan, tí ìpè wá wọlé, ẹ ò ní gbọ́ ọ nínú sípíkà, nítorí rédíò ò sí lórí AUX tàbí lórí ìkànnì ẹ̀rọ FM yín. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i. Ẹni tó ń fi CD gbọ́ orin náà ń bẹ nínú ẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì

Àdápútà kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń ki bọ ẹnu kásẹ́ẹ̀tì rédíò kó lè gbé orin fóònù jáde, ṣì ń ṣiṣẹ́, orin rẹ̀ sì máa ń dùn ju ti FM lọ. Ẹ má ra èyí tí Bluetooth wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ pè. Máìkì rẹ̀ á wà nínú ihò kásẹ́ẹ̀tì, nínú òkùnkùn. Èyí tó ní wáyà ni kí ẹ rà, kí ẹ so wáyà ọ̀hún mọ́ ẹ̀rọ AUX tó ní máìkì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Rédíò mìíràn tó máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà fúnra rẹ̀ lè máa rò pé téèpù ti tán, kó máa yí i tàbí kó pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Fún ẹni tí ìpè jẹ lógún

Sípíkà ìpè ni wọ́n máa ń há mọ́ pátákó tó ń dí oòrùn lókè orí awakọ̀. Ó ní sípíkà tirẹ̀, máìkì tirẹ̀ àti bátìrì tirẹ̀, kò bá rédíò yín da nǹkan kan pọ̀. Ẹnu yín kò jìnnà sí i rárá, nítorí náà ohùn tó ń gbà máa ń mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ FM lọ. Orin rẹ̀ kò ní láárí, sípíkà kan ṣoṣo kékeré ni. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ gbé sínú oòrùn o, ooru ń pa bátìrì lithium.

Àpótí ìpè tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn rédíò ga ju ìyẹn lọ. Ó ń jókòó sáàárín rédíò àti wáyà sípíkà, máìkì rẹ̀ sì ń gun òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Bí ìpè bá wọlé, ó ń pa rédíò lẹ́nu mọ́ fúnra rẹ̀, ohun yòówù kí ẹ máa gbọ́. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yín kò yí padà. Ẹni tó fẹ́ràn rédíò tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni mo máa júwe rẹ̀ fún. Tí rédíò yẹn bá sì ní ojú CDC, àdápútà Bluetooth wà tó máa ń díbọ́n bí àpótí CD lójú rédíò. Orin rẹ̀ ń lọ tààrà bíi ti AUX. Ó gbọ́dọ̀ bá irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní fọhùn rárá.

Rédíò tuntun pátápátá

Èyí ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì jù, òun náà ló sì ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ẹ wọn àyè rédíò yín kí ẹ tó lọ. DIN ni orúkọ ìwọ̀n ojú rédíò ọkọ̀: mìlímítà 180 sí 50 ni DIN kan, 180 sí 100 ni DIN méjì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota ní àyè tó jẹ́ 200 sí 100, rédíò DIN méjì á wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo á kù lọ́tùn-ún àti lósì tí ẹ máa fi férémù dí.

Tí wọ́n bá fa rédíò àtijọ́ jáde, ẹ máa rí ìdì wáyà kan tó rọ̀ sílẹ̀ bí ìfun. Lára rédíò tuntun, wáyà yẹ́lò ń fẹ́ iná tí kì í kú, kó má baà gbàgbé ohun tó mọ̀. Pupa ń fẹ́ iná tó ń wá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sára irin ọkọ̀. Àwọ̀ wáyà inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí pátápátá, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí rìwáyà gé wọn kó sì máa fojú bá àwọ̀ mu. Orí wáyà tó bá ọkọ̀ yín mu wà tí wọ́n ń tà. Ẹ rà á, kí wọ́n so wáyà rédíò tuntun mọ́ ọn, kí wáyà ọkọ̀ wà bó ṣe wà. Bí rédíò tuntun bá ń gbàgbé fóònù yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, yẹ́lò àti pupa ni wọ́n gbé fún ara wọn. Bí kò bá sì kú lẹ́yìn tí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, iná tí kì í kú ni wọ́n so méjèèjì mọ́, yóò sì máa mu bátìrì yín lóru.

Ẹ yan èyí tí máìkì rẹ̀ ní wáyà tirẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lójú rédíò. Kí wọ́n gbé e sí òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tàbí lókè orí yín, kó jìnnà sí ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde. Ẹ bèèrè ní ti bọ́tìnnì ara sítiárìn pẹ̀lú, nítorí ó sábà máa ń fẹ́ àdápútà ọ̀tọ̀. Tí rédíò yín àtijọ́ bá ní kóòdù, ẹ wá kóòdù náà kí wọ́n tó yọ orí bátìrì, ó lè wù yín láti dá a padà lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ tí ojú amúlétutù rẹ̀ wà lára rédíò, ẹ má tú u. Àpótí ìpè tàbí AUX ni kí ẹ fi í ṣe.

Èwo wá ni èmi máa rà?

Ọkọ̀ tó ní AUX: ẹ̀rọ AUX oníwáyà gígùn, tí máìkì wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ tó ní kásẹ́ẹ̀tì: kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà àti ẹ̀rọ yẹn kan náà. Ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan ju FM lọ, tí àyè rẹ̀ sì jẹ́ DIN: ẹ fi owó ẹ̀rọ FM kún owó rédíò tuntun bí agbára bá gbé e. Bí agbára kò bá gbé e, ẹ ra sípíkà ìpè fún ọ̀rọ̀, kí ẹ fi FM gbọ́ orin nìkan. Ẹ gbé ohùn fóònù sókè dáadáa kí ti rédíò sì wà nísàlẹ̀, ìró ṣáá náà á dínkù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan ọkọ̀, ẹ ti gíláàsì, ẹ tan afẹ́fẹ́ dé ìdajì, kí ẹ pe ẹnìkan. Ẹ jókòó bí ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ìjókòó, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́wàá fún un pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Kó kà á padà fún yín. Bó bá ṣì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ dá ẹ̀rọ náà padà sínú páálí rẹ̀.