Áàpù tó ń kó ìròyìn jọ: ohun tí akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan rí nínú wọn

Ẹni tó bá ń kánjú, kó gbọ́ ìdájọ́ mi kó máa lọ. Feeder ni kẹ́ ẹ gbé sórí fóònù Android yín, kẹ́ ẹ sì so Google Alerts mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó jẹ́ pé ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí, Inoreader máa bá a lára mu. Ní ti àwọn ẹ̀rọ tó ní àwọn máa bá yín ka ìròyìn, kí ẹ̀yin má wulẹ̀ kà á mọ́, ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ lórí wọn.

Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa kan wà nílé, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn yòókù fọ́n ká London àti Amẹ́ríkà. Láràárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Òkè-Ajé, mo máa ń fi ìròyìn ilé sórí WhatsApp ẹgbẹ́: ọ̀nà tí wọ́n dí, ohun tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kéde, ẹni tó jẹ oyè, ibi tí nǹkan dé ní pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Ìpẹ̀rú àti Ìlíṣàn. Ọmọ Ṣágámù ni ọkọ mi, nítorí náà n kò gbọdọ̀ yọ Rẹ́mọ sílẹ̀. Tí aago mẹ́jọ bá lù tí n kò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Akọ̀wé, ṣé kò sí o?" Kì í ṣe ara mi ni wọ́n ń béèrè o, ìròyìn wọn ni wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀rọ bá mi ṣe kò pọ̀. Kó lọ sí gbogbo ìkànnì tí mo ń kà, kó kó àkọlé ìròyìn tuntun wá síbì kan, kó má run dátà mi, kó má sì bá mi yan èyí tó yẹ kí n kà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni púpọ̀ nínú wọn kò lè ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòye ló kọ́kọ́ là mí lọ́yẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ yéé ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣebí wọ́n ní RSS." RSS ti wà láti 1999. Ojú ìwé kan ni tó wà lẹ́yìn ìkànnì, ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ènìyàn. Tí ìwé ìròyìn bá ti gbé nǹkan tuntun jáde, àkọlé rẹ̀, àkókò tó jáde àti líǹkì rẹ̀ á bọ́ síbẹ̀, láìsí ìpolówó tó ń fò mọ́ni lójú. Áàpù tó ń ka RSS á máa yọjú síbẹ̀ fún yín, ohun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò kó wá. Fẹ́ńdọ̀ tó máa ń gbé Tribune wá fún bàbá mi nìyẹn gẹ́lẹ́: ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kò sọ ojú ewé tí bàbá mi máa kọ́kọ́ ṣí. (Bàbá mi kì í ra òmíràn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ló dá Tribune sílẹ̀ ní 1949, ìyẹn sì parí ọ̀rọ̀ nílé wa.)

Ẹ kò nílò láti mọ àdírẹ́sì RSS lórí. Ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì fúnra rẹ̀ sínú Feeder, á wá a fún yín. Tí kò bá rí i, tó sì jẹ́ pé WordPress ni wọ́n fi ṣe ìkànnì náà, bí púpọ̀ nínú ti ìwé ìròyìn wa ṣe rí, ẹ fi /feed sí ìparí àdírẹ́sì yẹn. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, náà ní tirẹ̀.

Feedly ni mo kọ́kọ́ lò. Ó rẹwà, ojú rẹ̀ mọ́, ó sì gba 100 orísun lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó pọ̀ ju ohun tí mo ń kà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń polówó ara wọn jù ni ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń ṣa ìròyìn, owó sì ni wọ́n ń san fún un. Inoreader, tí wọ́n ṣe ní Bùlùgáríà, gba 150 lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù lórí kọ̀ǹpútà: ó ń to nǹkan bí wọ́n ṣe ń jáde, èyí tó dé kẹ́yìn ló wà lókè, ó parí. Ìpolówó wà lórí èyí tí kì í ṣe olówó. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan dànù fúnra rẹ̀, ẹ máa sanwó, dọ́là sì ni. Nípa ká fi káàdì náírà san dọ́là, ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, n kò tún wọ ibẹ̀ mọ́.

Feeder kò béèrè orúkọ mi, kò béèrè ímeèlì, kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Orí fóònù mi ni gbogbo nǹkan wà. Ibi tí mo ti gba tèmi tọwọ́tẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dátà: mo lè ní kó má kó ìròyìn wá àfi tí Wi-Fi bá wà, tàbí àfi tí fóònù bá wà lórí iná. Nílé wa, nígbà tí iná bá dé lóru, fóònù á máa gba iná, Feeder á máa kó ìròyìn, èmi á máa sùn. Tí mo bá jí, ó ti wà nílẹ̀. Mo lè fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní àmì, nítorí náà mo ní "Ìjẹ̀bú", mo ní "Rẹ́mọ", mo ní "Àbùjá" tí n kì í sábà ṣí. Mo lè ní kí ìkànnì kan máa dún sí mi létí kí ìyókù dákẹ́. Ó tún lè gbé odindi ìròyìn wá kí n kà á níbẹ̀, láì lọ sí ìkànnì rárá. Ẹ ṣọ́ra o, áàpù mìíràn wà tó ń jẹ́ Feeder. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ kọ́ ni mo ń sọ. Èyí tí mò ń lò wà lórí F-Droid náà, ìyẹn ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́ fún Android.

Ìrísí Feeder kò dára tó ti Feedly, ojú rẹ̀ gbẹ. Tí fóònù bá sọnù, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ, àfi tí ẹ bá ti ń yọ OPML pamọ́, ìyẹn fáìlì kékeré tó ní orúkọ gbogbo ìkànnì yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọ ọ́, áàpù yòówù kẹ́ ẹ lò. Google ní tirẹ̀ rí, Google Reader, ayé ń lò ó, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2013.

Google Alerts yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe é. Kì í lọ sí ìkànnì tí ẹ yàn. Ọ̀rọ̀ ni ẹ máa fún un, òun á máa wá ọ̀rọ̀ náà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ "Remo" lásán fún un, kẹ́ ẹ wá wo ẹrù tó máa kó dé. Remo Stars, tó gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025 (a yọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan là ń jẹ). San Remo, ìlú kan ní Ítálì tí wọ́n ti ń díje orin. Remo tó ń ṣe awọ ìlù ní Amẹ́ríkà. Remo D'Souza, oníjó àti olùdarí fíìmù ní Íńdíà. Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́, ohun tí a bá bi í ló ń wá. Kí ẹ kọ orúkọ ìlú gan-an, kẹ́ ẹ sì fi àmì àyọlò há a: "Ilishan-Remo", "Iperu-Remo", "Ikenne". Ṣágámù ní tirẹ̀ ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ méjì nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹ kọ Sagamu OR Shagamu, kí OR yẹn jẹ́ lẹ́tà ńlá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì ìròyìn àwọn àna mi máa fo yín ru. Fún Ìjẹ̀bú, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú garri, kó di Ijebu -garri. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá rẹ gààrí ní òkè òkun ni wọ́n máa kó wá bá yín.

Nínú ètò rẹ̀, ibi méjì ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Ibi tó ti bi yín bóyá "èyí tó dára jù nìkan" lẹ fẹ́, ẹ ní gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́. Ta ló sọ fún Google pé ìpàdé ọlọ́jà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kì í ṣe èyí tó dára jù? Ibi tó ti béèrè ibi tó máa fi ránṣẹ́ sí, ẹ yan RSS dípò ímeèlì, kẹ́ ẹ wá gbé àdírẹ́sì tó bá fún yín sínú Feeder. Nígbà Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mo máa ń pa ti "Ijebu" fún ìgbà díẹ̀. Láti 2024 tí àwòrán Ojúde Ọba ti gba gbogbo ayé kan, agbádá àti ẹṣin ló ń wọlé láàárọ̀ lálẹ́, ìròyìn gidi á sì sọnù sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo mọ ìwúlò ohun tí mo tò yìí ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje 2025. Ọjọ́ náà ni Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, wàjà. Ọjọ́ náà ni Muhammadu Buhari tó jẹ́ ààrẹ tẹ́lẹ̀ kú ní London. WhatsApp gbóná. Wọ́n ń bi mí, "Akọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?" Áàpù tó bá ń to ìròyìn nípa ohun tí ayé ń kà jù, Buhari ló máa gbé sókè lọ́jọ́ yẹn, á sì kún ojú fóònù. Tèmi ní àmì "Ìjẹ̀bú" lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni mo jókòó tì. N kò kọ ọ̀rọ̀ kan títí tí ìwé ìròyìn méjì tí mo fọkàn tán fi gbé e. Ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ohun tí akọ̀wé ń fi ẹnu ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí àwọn tó ń kàwé fúnni. Mo dán ọ̀kan wò, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo kó ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún un, mo ní kó sọ ọ́ di Yorùbá ní ṣókí. Yorùbá rẹ̀ ń dán, àmì ohùn rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ó gbé Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì pe Akárígbò, ọba Rẹ́mọ, ní ọba kan lábẹ́ Ìjẹ̀bú. Ká ní mo fi ìyẹn ránṣẹ́, ǹjẹ́ mo tún lè fẹsẹ̀ tẹ Sábó ní Ṣágámù? Láti ìgbà náà, ó lè bá mi tún gbólóhùn ṣe, ṣùgbọ́n ìròyìn ilé, èmi ni n ó kà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ìròyìn sórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ láràárọ̀. Telegram gba irú bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ láìjanpata. WhatsApp kò fẹ́ kí ènìyàn máa fi ẹ̀rọ tí òun kò fọwọ́ sí ránṣẹ́, wọ́n sì lè gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi kò ní kó lọ sí Telegram nítorí mi, nítorí náà mo ṣì ń fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Ohun tí kò sí èyí nínú wọn tó lè dé ni ojú ìwé Facebook, tí kò ní RSS, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ìpàdé, òkú àti ìkójọ owó ìlú. Rédíò náà kò sí níbẹ̀. Fún ìyẹn, mo ṣì ní àwọn tó ń pè mí.

Ẹ̀yin tó ń lo iPhone, ẹ má wá Feeder yìí, kò sí fún yín. Ẹ gbé NetNewsWire, ọ̀fẹ́ lòun náà. Aya ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ń lò ó, kò sì tíì bi mí ní ìbéèrè kankan.