Ibà pọ́njú àti ìtọ́jú Ayurveda ní Kerala: ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ lọ gba ìtọ́jú Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, fún ibà pọ́njú, èsì mi rèé: ó dára, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ wádìí ohun tó fà á nìkan ni kí ẹ lọ.

Kochi ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Kerala, lápá gúúsù Íńdíà. Hepatitis A, àìsàn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò rẹ̀ ń gba inú omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ wọlé, ló mú mi. Ẹyinjú mi pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, ìtọ̀ mi dúdú, òórùn epo lásán ń mú kí èébì gbé mi.

Ilé ìtọ́jú kékeré kan ni mo lọ. Dókítà tó gbà mí, ìyá àgbàlagbà kan, gboyè BAMS, ìyẹn oyè yunifásítì nínú ìṣègùn Ayurveda, tó ń gbà tó ọdún 5 àbọ̀. Wọn ò fún mi lóògùn kankan lọ́jọ́ náà. Wọ́n wo ahọ́n mi, wọ́n tẹ ìhà mi ọ̀tún, wọ́n wá bi mí bóyá ìgbẹ́ mi ń funfun, bóyá ara ń yún mi. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kamala ni wọ́n ń pe àìsàn yìí, ìwé àtijọ́ wọn, Charaka Samhita, sì ti ya èyí tí pitta (ohun tí wọ́n kà sí iná àti òróòro inú ara) pọ̀ jù nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kapha (ohun tí wọ́n kà sí ikun inú ara) dí ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wádìí náà nìyẹn: ṣé òróòro ń rí ọ̀nà dé ìfun? Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù. Bilirubin mi, ìyẹn ohun tó ń mú kí ojú pọ́n bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ti kọjá 8, bẹ́ẹ̀ 1.2 ni kò yẹ kó kọjá. Kò sí òkúta nínú àpò òróòro. Wọ́n ní ká ní ó wà ni, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni àwọn ì bá darí mi sí.

Àgbo tí wọ́n ń pè ní kashayam ni mo ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́ kí n tó jẹun, mílílítà 15 tí a fi omi lílọ́wọ́ọ́ là. Ó korò wọ eegun, torí kutki, egbò kan láti òkè Himalaya, wà nínú rẹ̀. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní keezharnelli. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde báyìí, mo ní, “Ẹ̀yìn olobe rèé!” Àwọn èso wẹ́wẹ́ yẹn ló tò sẹ́yìn ewé bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Wọ́n lọ̀ ọ́ tegbò-tewé lórí ọlọ, wọ́n pò ó mọ́ wàrà.

Oúnjẹ ló nira jù: kanji, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n sè rọ̀, àti omi ìrèké. Kò sí epo, kò sí ata. Síbẹ̀ òun ni mo rò pé ó ràn mí lọ́wọ́ jù, torí inú mi gbà á.

Ojú mi funfun padà. Mi ò lè búra pé ewé ló wò mí, torí hepatitis A máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hepatitis B, ẹ má torí ẹ̀yìn olobe pa oògùn yín tì. Lóòótọ́, ní 1988 àwọn dókítà kan ní Chennai kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, pé ó lé kòkòrò náà lọ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n àwọn tó tún un dánwò lẹ́yìn náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sá fún àwọn tó ń ta hóró oògùn láìṣàyẹ̀wò. Arogyavardhini, hóró oògùn Ayurveda kan tí wọ́n máa ń nà síni, ní mákùrì, tó jẹ́ májèlé, nínú. Giloy, ìtàkùn kan tí wọ́n fi ń ṣe oògùn náà, àwọn dókítà Mumbai ti ròyìn àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó lásìkò Kòrónà. Bó bá sì jẹ́ aláboyún tàbí ọmọ tuntun ló ń ṣe, tàbí tí ibà ń gbóná tí ìhà ọ̀tún sì ń dunni, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.