Escrow.com: owó ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ orúkọ

Nínú ríra orúkọ ìkànnì lọ́wọ́ ará òkè òkun téèyàn ò mọ̀ rí, ìbéèrè kan ló le jù: ta ni yóò kọ́kọ́ fi tọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀? Owó tí báńkì bá ti gbé sọdá kì í sábà padà wá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tó ti bọ́ sínú àkáǹtì ẹlòmíì kì í rọrùn gbà padà. Àárín méjèèjì ni Escrow.com dúró sí. Á gba owó lọ́wọ́ olùrà, á dì í mú, kò ní jẹ́ kó dọ́wọ́ olùtà títí olùrà yóò fi sọ pé ọjà ti dé. Ó ti wà láti 1999, ó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Freelancer ló sì rà á ní 2015. Iṣẹ́ dídi owó mú yìí, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa ṣí òwò náà lórí sáìtì wọn: orúkọ wo, iye wo, ta ni yóò san owó iṣẹ́, ọjọ́ mélòó ni olùrà ní láti fi yẹ ọjà wò. Ibi ọjọ́ àyẹ̀wò yìí ni kẹ́ ẹ ti là á mọ́lẹ̀. Tí ọjọ́ náà bá pé tí olùrà ò fọhùn, wọ́n á kà á sí pé ó ti gbà, owó á sì lọ. Ẹ má gba ọjọ́ kan ṣoṣo, olùtà ì báà máa kánjú.

Àléébù tó tóbi jù ni pé kì í bá yín wádìí bóyá olùtà ló ni ohun tó ń tà. Ọwọ́ olùrà nìyẹn wà. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sí lookup.icann.org, sáìtì ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ẹ tẹ orúkọ náà síbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, registrar (iléeṣẹ́ tí wọ́n ti fi orúkọ náà sílẹ̀) tó wà, àti ipò rẹ̀ (status). Tẹ́ ẹ bá rí clientTransferProhibited, kò séwu: àgádágodo lásán ni, ẹni tó ni ín lè ṣí i. Àmọ́ redemptionPeriod túmọ̀ sí pé orúkọ náà ti kú, pendingDelete sì ń sọ pé ó ku bí ọjọ́ 5 kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ má san owó lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Orúkọ olówó rẹ̀ kì í sábà hàn mọ́. Nítorí náà, ẹ ní kí olùtà kọ gbólóhùn kan tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín yàn sínú DNS rẹ̀ (àkọsílẹ̀ tó ń darí orúkọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) gẹ́gẹ́ bíi TXT, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, kẹ́ ẹ wá fi dig, irinṣẹ́ tó ń ka DNS, wò ó. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, orúkọ ò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olè tó já wọ àkáǹtì náà lè ṣe é, nítorí náà ẹ wo Wayback Machine, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn sáìtì, pẹ̀lú. Orúkọ tó ti pẹ́ ní ọdún 15, tí sáìtì orí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n wá ń tà ní ẹ̀dínwó ńlá, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ímeèlì tó wà lórí sáìtì àtijọ́ náà. Orúkọ tó bá sì jọ àmì ọjà iléeṣẹ́ kan, wọ́n lè fi UDRP, ìlànà ICANN fún yíyanjú ìjà lórí orúkọ, gbà á lọ́wọ́ yín, owó yín á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Gbígbé orúkọ kúrò níbì kan lọ síbòmíì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ registrar kan náà tí olùtà ń lò, kó wá tì í sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sábà máa ń gbà. Tó bá jẹ́ registrar mìíràn, olùtà á ṣí àgádágodo, á fún yín ní auth code (kóòdù àṣírí tẹ́ ẹ máa fi gbé orúkọ náà), ó sì lè gba tó ọjọ́ 5. Tí orúkọ náà ò bá tíì pé ọjọ́ 60 tí wọ́n dá a sílẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé e gbẹ̀yìn, kì í sábà lè kúrò lọ́dọ̀ registrar náà. Èyí tó parí sí .uk kì í lo kóòdù tẹ́lẹ̀. IPS tag (àmì ìdánimọ̀) ti registrar tuntun ni olùtà máa ń fi sí i; ẹ bi registrar yín bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀.

Tí olùtà bá ní kẹ́ ẹ kàn gba ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì òun, ẹ kọ̀ ọ́. Ímeèlì tó fi ṣí i ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì lè fi gbà á padà.

Ayédèrú aláàárín pọ̀. Ẹ má tẹ líǹkì tí olùtà fi ránṣẹ́. Ẹ fọwọ́ yín kọ àdírẹ́sì, ẹ wọlé, ẹ wò bóyá òwò náà wà nínú àkáǹtì yín. Àmì kékeré tàbí ọ̀rọ̀ kan tó pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ “escrow”, sáìtì ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Fún orúkọ olówó pọ́ọ́kú, owó iṣẹ́ wọn lè dunni. Sedo ti Jámánì, tó ń gba owó tó sì ń bójú tó gbígbé orúkọ, lè tẹ́ni lọ́rùn jù, tí orúkọ náà bá wà lórí àtẹ níbẹ̀. Lórí Escrow.com, ẹ má tẹ bọ́tìnì pé ẹ ti gbà á àfi tí ímeèlì yín bá wà níbi olówó orúkọ, tẹ́ ẹ ti yí nameserver rẹ̀ (sáfà tó ń sọ ibi tí orúkọ náà ń tọ́ka sí) tẹ́ ẹ sì rí i pé ó yí lóòótọ́, tẹ́ ẹ sì ti tún fi àgádágodo dè é.